Báàgì ìbímọ: kí ni kí n dì, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Ìyàwó Ọbáńtokò
Mo kí gbogbo ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá tí ẹ wà níbí. Oyún mi àkọ́kọ́ ti pé ọ̀sẹ̀ 34. Ilé ìwòsàn ti fún mi ní ìwé àwọn ohun tí a ó rà: dẹ́tọ́ọ̀lù, òwú, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, páàdì àti rọ́bà tí a ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ọkọ mi náà lọ sí ọjà Kútọ̀, wọ́n sì ra aṣọ ọmọ tí ó kún àpótí kan. Èkó ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Ẹtì ni ó máa ń wálé, nítorí náà bí ìrọbí bá dé lóru, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ aládùúgbò wa ni yóò gbé mi lọ. Kí ni kí n dì, ìgbà wo ni ó sì yẹ kí n ti dì í tán?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìtòkú
Ọmọ mi, wàá sọ̀ láyọ̀. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Má gbé àpótí lọ. Nígbà tí mo fẹ́ bí àkọ́bí mi, mo ra ohun gbogbo pé, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo mọ ibi tí mo kó wọn sí. Nọ́ọ̀sì béèrè aṣọ tí wọn yóò fi gba ọmọ, ni àbúrò mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú báàgì sílẹ̀ẹ́lẹ̀: ó yọ bàtà, ó yọ ìpara, ó yọ ìró ańkárá tuntun, aṣọ náà sì wà nísàlẹ̀ pátápátá lábẹ́ fúláàsì omi gbígbóná. Ìró ara mi ni wọ́n fi gba ọmọ kí ó tó rí i. Láti ọjọ́ náà, náílọ̀nù mẹ́ta ni mo máa ń pín ẹrù sí: ti yàrá ìbímọ, ti ọmọ, àti èyí tí mo máa lò lẹ́yìn ìbímọ. Fún ara rẹ, mú ìró àtijọ́ mẹ́ta. Àdìrẹ ẹlẹ́lùú tí a ti fọ̀ títí tí ó fi rọ̀ ló dára jù, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kì í hàn lórí rẹ̀.

Agbẹ̀bí, Adátán
Òótọ́ ni màmá sọ. Káàdì ìtọ́jú oyún àti ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni kí ó wà lókè gbogbo rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà jù lẹ́yìn ìbímọ, a ó ṣì tún un yẹ̀ wò kí a tó fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára, ṣùgbọ́n ìwé náà ni yóò fi ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ hàn wá. Kí ẹ ti wá ẹni méjì tí yóò lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi gulukóòsì àti ìgò oúnjẹ ọmọ sílé. Láàárín wákàtí 1 àkọ́kọ́ ni kí ọmọ ti mu ọmú, kí ẹ má sì fún omi ọmú àkọ́kọ́ tí ó pọ́n náà dànù. Ẹ ra oògùn ìwọ́ tí a ń pè ní chlorhexidine, kí ẹ má ṣe fi rọ́ọ̀bù tàbí ọṣẹ ìfọyín sí ìwọ́ ọmọ. Kí báàgì ti wà ní sẹpẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 36. Bí omi bá dà tàbí tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró de ọkọ.

Bàbá Ìkókó, Asẹ̀rò
Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín tú báàgì náà lópin ọ̀sẹ̀, kí ó sì tún un dì fúnra rẹ̀. Ẹ fi owó, ṣájà àti nọ́ńbà ìpè tí ẹ kọ sórí ìwé kún un, nítorí fóònù lè kú.

Ìyàwó Ọbáńtokò
Ẹ ṣeun gan-an. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo pe aládùúgbò mi wọlé, mo ní kí wọ́n bá mi yọ aṣọ tí a ó fi gba ọmọ àti káàdì láìbi mí léèrè. Wọ́n rí aṣọ, wọn kò rí káàdì. Inú àpamọ́wọ́ tí mo gbé lọ sí ọjà ni ó wà. Ó ti wà nínú àpò iwájú báàgì báyìí.