Owó ilé tí bàbá fi sílẹ̀: báwo lẹ ṣe ń pín in láìjà?

Akọ̀wé Ẹbí: Ẹ káàárọ̀ o. Bàbá ti kú, ó fi ilé sílẹ̀. Ìyàwó mẹ́ta, ọmọ mẹ́jọ: márùn-ún, méjì, ẹyọ kan. Owó ilé jẹ́ 1,200,000 náírà lọ́dún. Báwo la ṣe ń pín irú èyí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kọ́kọ́ yọ owó àtúnṣe. Páànù ń jò, ṣálángá ń kún. Bí ẹ bá pín gbogbo ẹ̀ tán, tí òjò dé, ẹni tó ń gbé nítòsí ló máa tún un ṣe. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó òun, kò sì ní sí rìsíìtì lọ́wọ́ ẹ̀. Ìjà dé nìyẹn.

Ògbólógbòó Lóyà: Ìdí igi ni àṣà wa. Ìyàwó mẹ́ta, ìdí mẹ́ta, 400,000 fún ìdí kọ̀ọ̀kan. Àwọn márùn-ún á gba 80,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwọn méjì á gba 200,000, ẹyọ kan á dá kó 400,000. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa nígbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1962, ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án, ìdí igi náà ni wọ́n fara mọ́. Bí ìjà bá wà, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n fi orí ò jorí pín in.

Ṣadé Mushin: Ẹyọ ọmọ kan, 400,000. Ìyá ẹ̀ gbọ́n 😂

Bàbá Ràṣídì: Orí ò jorí, 150,000 fún oníkálukú. Òun ló dáa. Ṣé ọmọ karùn-ún ló ní kí ìyá òun bí márùn-ún?

Ògbólógbòó Lóyà: Bàbá, ṣé ẹyọ kan yẹn ló ní kí wọ́n dá òun bí?

Àlùfáà Kékeré: Tó bá jẹ́ Ṣàríà lẹ fẹ́ fi pín in, kò sí ìdí igi. Owó ìsìnkú àti gbèsè ló ṣáájú, lẹ́yìn náà wàsíyà, ìyẹn ohun tí òkú ní kí wọ́n fún èèyàn, tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta. Nínú ìyókù, àwọn ìyàwó á jọ pín ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ọmọkùnrin á gba ìlọ́po méjì ọmọbìnrin.

Ṣadé Mushin: Ìlọ́po méjì kẹ̀? Tọkùnrin tobìnrin ló dọ́gba nídìí ogún bàbá nílẹ̀ Yorùbá!

Àlùfáà Kékeré: "Tó bá jẹ́" ni mo sọ, Àǹtí. Ẹ tún un kà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ọwọ́ ta ni owó ń wà? Ẹ ṣí àkáǹtì, ẹnì kan láti ìdí kọ̀ọ̀kan, kí méjì fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Kí ayálégbé máa san án síbẹ̀ tààrà. Ẹ ní ìwé kan: ọjọ́, yàrá, iye, ẹni tó san, ohun tẹ́ ẹ ná. Ẹ máa ya fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí lóṣooṣù. Ìwé tó bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ọdún tí owó bá wọ́n ló máa "sọnù".

Kọ́lá Peckham: Ẹ̀tọ́ ará òkè òkun kì í kú torí pé ó ń gba pọ́n-ùn o. Tó bá yọ̀ǹda ìpín ẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀: ti ọdún wo, fún ta.

Ògbólógbòó Lóyà: Bẹ́ẹ̀ ni. Yàrá tó bá sì fi owó ẹ̀ kọ́ mọ́ ilé ẹbí, ti ẹbí ni.

Ṣadé Mushin: Bí Dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin tó jẹ́ olórí ẹbí, bá kú, ta ló kàn? Ẹ má pe àbúrò bàbá o.

Ògbólógbòó Lóyà: Ọmọ bàbá tó nilé, èyí tó dàgbà jù nínú àwọn tó kù, ìbáà ṣe obìnrin. Ẹjọ́ Lewis àti Bankole, Èkó, 1908.

Bàbá Ràṣídì: Obìnrin tó ti relé ọkọ?

Ṣadé Mushin: Ṣé ọkọ̀ kì í gbé èèyàn láti ilé ọkọ wá sí ìpàdé ni, Bàbá?

Akọ̀wé Ẹbí: Àwọn ìyàwó fúnra wọn ńkọ́? Ìyáálé ń gbé yàrá méjì, kì í sanwó.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ò gbọdọ̀ bi í léèrè owó kankan! Opó kì í jogún ọkọ lábẹ́ àṣà, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò lè kàn lé e jáde níbẹ̀. Ti ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù ló yàtọ̀.

Ògbólógbòó Lóyà: Tó bá jẹ́ ti kọ́ọ̀tù, tí kò sí ìwé ìhágún, ní Èkó, ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ ti ìyàwó, ìdá méjì jẹ́ tàwọn ọmọ. Àmọ́ ẹni tó ṣe ti kọ́ọ̀tù, báwo ló ṣe ní ìyàwó mẹ́ta?

Bàbá Ràṣídì: Ẹ bi òkú.