Ojúbọ Meiji Jingu ní Tokyo: báwo ni Mùsùlùmí ṣe lè wọ ibẹ̀?

Ìyá Adétà: Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ mi tó wà ní Jàpáàn ní kí n wá kí òun lóṣù kẹfà, òun á sì mú mi lọ wo ojúbọ yìí. Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, mi ò ní forí balẹ̀ fún òrìṣà. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n pe ọmọ mi ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ nítorí tèmi. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ kú ìmúra, Àlájà. Tokyo ni mo ń gbé. Ẹnikẹ́ni kò ní fipá mú yín. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, torí wọ́n gbà pé àárín ọ̀nà jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ń bọ. Ẹ máa rí omi tí wọ́n fi ń fọ ọwọ́ òsì, ọ̀tún, kí wọ́n tó yọ ẹnu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe àlùwàlá níbẹ̀ o, ẹsẹ̀ kì í kan omi yẹn. Níwájú ojúbọ, wọ́n á tẹríba lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tún tẹríba lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ fún wọn láyè.

Oṣù kẹfà ni òdòdó iris ń tan nínú ọgbà inú. Ọba Meiji, ọba Jàpáàn láyé àtijọ́, ló ní kí wọ́n gbìn ín fún Ayaba Shoken, ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì tí wọ́n ń bọ níbẹ̀.

Ọlọ́gbà Òmù-Àrán: Igi ni mò ń gbìn tà, ẹ jẹ́ n sọ ti igbó tó yí ojúbọ náà ká. Èèyàn ló gbin igbó yẹn! Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ojúbọ náà, tí wọ́n ṣí ní 1920, nǹkan bí 100,000 igi ni ará ìlú fi ta wọ́n lọ́rẹ, àwọn ọ̀dọ́ sì yọ̀ǹda ara wọn láti gbìn ín. Wọ́n fi igi páìnì ṣíwájú kó tètè ga, wọ́n fi àwọn igi eléwé gbòòrò sábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè gbapò tó bá yá. Bọ́ǹbù jó ojúbọ ní 1945, wọ́n sì tún un kọ́ ní 1958. Ewé tí wọ́n bá gbá lójú ọ̀nà, ìdí igi ni wọ́n ń dà á padà sí. Àwa ńkọ́? Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a ó dáná sun ún. Ó ń dùn mí gan-an.

Ìyá Adétà: Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Tí àkókò ìrun bá wá ká mi mọ́bẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ Ọ̀fà: Mọ́sálásí Tokyo Camii kò jìnnà. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Chiyoda ní Meiji-jingumae, kí ẹ sọ̀ ní ibùdó kejì, Yoyogi-Uehara.