Kore kọ́ ni kórè: lórí orúkọ àwọn òrìṣà oko àti ìgbà nílẹ̀ Gíríìsì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá lánàá: pé kí a máa pe Demeter, òrìṣà oko àwọn Gíríìkì àtijọ́, ní "abo-òrìṣà ìkórè", kí a pe àwọn Horai, àwọn òrìṣà tó ń ṣọ́ ìgbà ọdún, ní "àwọn abo-òrìṣà wákàtí", àti pé Kore, orúkọ tí wọ́n ń pe Persephone ọmọ Demeter, kò yàtọ̀ sí kórè tiwa. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, àmọ́ n kò lè gba ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè ṣì wá lọ́nà jù. Kó àti irè ló di kórè: irè oko la kó wálé. Ọmọbìnrin ni Kore túmọ̀ sí lédè Gíríìkì, ọmọkùnrin sì ni kouros. Nínú àwọn wàláà amọ̀ tí wọ́n hú ní Pylos, ìlú àtijọ́ kan nílẹ̀ Gíríìsì, tí wọ́n ti kọ láti nǹkan bí ọdún 1200 ṣáájú ìbí Jésù, ko-wa ni wọ́n kọ fún ọmọbìnrin, ko-wo fún ọmọkùnrin. Ìró w kan ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ kó tó parẹ́. E tó gbẹ̀yìn rẹ̀ pàápàá, ẹnu àwọn ará Áténì àtàwọn aládùúgbò wọn ló ti jáde; kora ni àwọn Dória, ẹ̀yà Gíríìkì mìíràn, ń pè é. Bí a bá rọra tọ ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà padà sẹ́yìn, ńṣe ló ń jìnnà sí kórè.

Ní ti "abo-òrìṣà", ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i nínú ìwé. Ẹran la ń pè ní abo. Ta ló ń pe Ọ̀ṣun tàbí Ọya ní abo-òrìṣà? Òrìṣà ni wọ́n, ó parí. Gẹ̀ẹ́sì ló ní ọ̀rọ̀ méjì, god àti goddess, àwa sì ń wá èkejì tí a kò nílò. Àwọn ará Áténì alára, tō theō ni wọ́n máa ń pe Demeter àti ọmọ rẹ̀, ìyẹn "òrìṣà méjèèjì". Orúkọ yìí sì ni àwọn obìnrin wọn fi ń búra. "Àwọn Òrìṣà Méjèèjì" ti tó wa.

Ṣé òrìṣà ìkórè wá ni Demeter? Ìkórè wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe òun nìkan. Àjọ̀dún Thesmophoria, tí àwọn obìnrin nìkan ń ṣe fún un, àsìkò ìfúnrúgbìn ló máa ń bọ́ sí. Wọ́n á kó ohun tó kù lára àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti jù sínú kòtò jáde, wọ́n á sì pò ó mọ́ irúgbìn. Nínú orin ìyìn àtijọ́ tí wọ́n kọ fún un, nígbà tí Hades, ọba àwọn òkú, gbé ọmọ rẹ̀ lọ sábẹ́ ilẹ̀, Demeter kò fọwọ́ kan irè tó ti gbó. Irúgbìn ló sé mọ́lẹ̀. Màlúù ń tulẹ̀ lásán, wọ́n ń gbin ọkà báálì, kò hù. Mētēr, ìyá, hàn gbangba nínú orúkọ rẹ̀. Ìyá Ọkà ni n bá pè é. Ẹ jọ̀ọ́, kí a má gbàgbé àmì ohùn, torí ejò ni ọká. Kí a má sì sọ ọ́ di Ìyá Ọlọ́kà, àwọn kan á rò pé ẹni tó ń ta àmàlà ni.

Ó ku àwọn Horai. Ìgbà nínú ọdún ni hōra kó tó wá di wákàtí. Àwọn Ìgbà ni kí a pè wọ́n. Hesiod, akéwì Gíríìkì àtijọ́, pè wọ́n ní Ètò Rere, Ìdájọ́ Òdodo àti Àlàáfíà, ṣùgbọ́n Pausanias, arìnrìn-àjò tó kọ ìwé nípa ilẹ̀ Gíríìsì, ní Thallo àti Karpo ni àwọn ará Áténì ń bọ. Inú rírúwé ni Thallo ti wá, inú èso ni Karpo ti wá: Arúwé àti Asoèso. Àgbẹ̀ tí kò ka ìwé kan rí á mọ iṣẹ́ wọn lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù nìyí. Gbogbo wa la ń kọ "ìgbà òtútù" fún cheimōn torí pé Gẹ̀ẹ́sì la fi kà á. Ìjì ni cheimōn náà tún túmọ̀ sí, ìgbà yẹn gan-an sì ni òjò ń rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á gbin ọkà bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, á tutù yọ̀yọ̀ jálẹ̀ ìgbà òjò, wọ́n á sì kórè rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù karùn-ún sí ìkẹfà. Theros ló tẹ̀ lé e, ooru àti ọ̀gbẹlẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n ti yọ therizō, "mo ń kórè". Ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn! Ìgbà òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn tiwa bá tiwọn mu ju ti àwọn tí yìnyín ń bọ́ lé lórí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú òjò ni àwa ti ń ya àgbàdo tiwa.

Opōra ló ṣì há mi lọ́fun, ìgbà tí èso àjàrà àti ọ̀pọ̀tọ́ ń pọ́n lẹ́yìn tí ọkà ti wọ àká. "Ìgbà ìwọ́wé" kò bá a mu, èso ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ewé tó ń wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí oko, kí ni ẹ máa ń pe àsìkò tí gbogbo èso igi bá ń pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà?