Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọdún mélòó ni ilé alájà ń lò?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ilé alájà méjì ni bàbá wa kọ́ sí Èkó lọ́dún 1978, kò jìnnà sí ọ̀sà. Òkè pátápátá ni màmá wa ń gbé. Ẹ̀gbọ́n wa fẹ́ fi àjà kan lé e, kí owó ilé lè pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì ti ń já bọ́ láti ara dẹ́kìn sórí bẹ́ẹ̀dì màmá. Mo rí irin pupa níbẹ̀, mo fọwọ́ kàn án, ó ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà. Ṣé ilé náà ti gbó ni? Kí ni kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n?

Bàbá Bíríkìlà: Ọmọ mi, ọjọ́ orí kọ́. Ilé Kòkó n'Ìbàdàn, alájà 26, 1965 ni wọ́n kọ́ ọ tán. Iná jó o ní 1985, wọ́n tún un ṣe, ó ń bẹ níbẹ̀ dòní. Alájà 21 tó wó n'Ìkòyí ní 2021, tó pa èèyàn tó lé ní 40, wọn ò tíì kọ́ ọ tán rárá! Omi ni ọ̀tá ilé. Tí omi òjò àti iyọ̀ inú atẹ́gùn ọ̀sà bá ti dé ara irin, irin á dógùn-ún, á wú, á sì ti kọ́ńkéré dànù. Ohun tó ń já bọ́ nìyẹn. Má jẹ́ kí màmá sun yàrá yẹn lálẹ́ òní.

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, ẹ má wulẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ o. A ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa, a tún kùn ún, kò ju oṣù mẹ́ta lọ tó tún já.

Ẹnjiníà: Bàbá sòótọ́, àmọ́ ọdún náà ní tirẹ̀. 50 ọdún la sábà máa ń fọkàn sí tí a bá ń yàwòrán ilé gbígbé. Kò ní kó wó lọ́jọ́ tó bá pé, àyẹ̀wò ló kàn. Ti àjà tuntun ló ń bà mí lẹ́rù jù: ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi lélẹ̀ fún méjì, ta ló ní ó lè gbé mẹ́ta, pẹ̀lú táńkì omi lórí? Ẹ pe ẹnjiníà tó ní ìwé COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà. Wọ́n á gbẹ́ kọ́ńkéré díẹ̀ jáde lára òpó, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ fọ́ láti mọ agbára rẹ̀. Ní báyìí, dúró sẹ́nu ọ̀nà, fi igi gígùn kan òkè yẹn, kí o gbọ́ ìró rẹ̀: ibi tó bá ń dún bí òfìfo, kọ́ńkéré ti ṣí níbẹ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Màmá ti wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo kan òkè náà: ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ń dún kì, ọ̀gangan bẹ́ẹ̀dì ń dún bí igbá òfìfo. Mo ká ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n. Ó ní kí búlọ́ọ̀kù tóun ti sanwó rẹ̀ ṣì dúró, ẹnjiníà ń bọ̀ ní Sátidé.