Ṣé lóòótọ́ ni olú inú ilẹ̀ máa ń ran ọmọ igi lọ́wọ́ láti ta gbòǹgbò?

Ọlọ́gbìn Mọ́níyà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ igi ìrókò àti apá ni mo ń tọ́ nínú ọ̀rá dúdú níhìn-ín ní Ìbàdàn. Iyẹ̀pẹ̀ tí a ti fi iná yan, kí àrùn má baà wọ̀ wọ́n, ni mo ń lò, síbẹ̀ ewé wọn ń pọ́n, gbòǹgbò wọn kò sì tó nǹkan. Wọ́n ní olú kan wà nínú ilẹ̀ tí igi kò lè ṣe aláìní. Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́, níbo ni mo sì ti lè rí i?

Àgbà Igbó: Òótọ́ ni wọ́n sọ. Okùn olú náà, tí ó tín-ín-rín ju irun gbòǹgbò lọ, máa ń wọ àárín iyẹ̀pẹ̀ dé ibi tí gbòǹgbò kò lè dé, á sì máa kó omi àti oúnjẹ wá fún igi, pàápàá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, tí kì í kúrò lójú kan nínú ilẹ̀. Igi náà á wá máa fi lára ṣúgà tí ewé rẹ̀ ń ṣe bọ́ olú. A. B. Frank, onímọ̀ ará Jámánì, ló sọ àjọṣe yìí lórúkọ ní ọdún 1885. Iná tó pa àrùn inú iyẹ̀pẹ̀ yín ti pa olú náà mọ́ ọn.

Ìyá Eléso: Kí n fi kún un pé olú ìrókò yàtọ̀ sí ti apá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Inú gbòǹgbò gan-an ni ti ìrókò ń wọ̀ sí, ojú lásán kò lè rí i, ó sì ń bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀gbìn gbé, títí kan àgbàdo àti gbágùúdá, nítorí náà iyẹ̀pẹ̀ òkèèkè láti oko gbágùúdá lè ṣe é. Ti apá máa ń bo orí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ bí ìbọ̀sẹ̀, ìwọ̀nba igi díẹ̀ ló sì ń bá gbé. Abẹ́ igi apá tó ti dàgbà, tí ara rẹ̀ le, ni kí ẹ ti bu tirẹ̀, pẹ̀lú gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún páìnì nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbìn ín ní Nàìjíríà: kò ṣe dáadáa títí wọ́n fi gbé iyẹ̀pẹ̀ tí olú rẹ̀ wà nínú rẹ̀ wá láti ibòmíràn.

Àgbà Igbó: Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, nítòsí gbòǹgbò, ti tó. Ẹ dín ajílẹ̀ òyìnbó kù, nítorí igi tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í fẹ́ gba olú láyè.

Ọlọ́gbìn Mọ́níyà: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé mo lè bu iyẹ̀pẹ̀ náà pamọ́ di ìgbà òjò?

Ìyá Eléso: Ó sàn kí ẹ bù ú nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó. Bí ó bá di dandan, ẹ fi sí ibòji, ẹ má sá a sóòrùn.