"Ojú-ìtẹ̀ tìbú-tòòró" ló yẹ ká máa pè é

Àbá méjì ló wà nílẹ̀ báyìí lórí orúkọ tí a ó fún ojú iṣẹ́ tó tẹ̀ níhà méjì pọ̀, irú èyí tí ẹ̀rọ CNC (ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gbẹ́ irin) máa ń gbẹ́ nígbà tí ó bá ń ṣe abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ ojú omi. Àwọn kan ní ká pè é ní "ìtẹ̀ alákànpọ̀". Àwọn mìíràn ní "ojú wíwọ́" ti tó. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

"Alákànpọ̀" ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbòmíràn. Àwọn tó ń wọn ojú ọ̀nà ló ni ín. Nígbà tí títì bá ń yà, tí wọ́n sì kan apá róbótó kékeré (ìlà tí a gé lára róbótó) mọ́ apá róbótó ńlá kí ọkọ̀ lè máa yà síhà kan náà lọ wẹ́rẹ́, ìyẹn gan-an ni ìtẹ̀ tí a kàn pọ̀. Ìtẹ̀ méjì ni, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì lórí ìlà kan ṣoṣo. Ojú irin tí à ń sọ yìí kò ní oríkèé kankan. Ìtẹ̀ méjèèjì wà lójú kan náà, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá gbọ́ "alákànpọ̀" yóò máa wá ibi tí wọ́n ti kàn án, kò sì ní rí i.

Ní ti "wíwọ́", ẹ rántí igi wọ́rọ́kọ́ tó ń da iná rú. Létí Yorùbá, ohun tó wọ́ ni ohun tó yẹ kó tọ́ tí kò tọ́. A sì ṣì nílò ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu iṣẹ́ yìí kan náà: bí a bá gbẹ́ irin pẹlẹbẹ tán, tí a tú u kúrò ní ìdè, tí etí rẹ̀ sì gbéra sókè, irin náà ti wọ́ nìyẹn. Èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ kò wọ́, ó tẹ̀ ni.

Àbá tèmi ni "ojú-ìtẹ̀ tìbú-tòòró". Ẹ mú bébà kan, kí ẹ wé e mọ́ páìpù. Yóò lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá, kò ní hunjọ, kò ní ya. Ẹ wá wé e mọ́ bọ́ọ̀lù. Etí rẹ̀ á hunjọ, bí ẹ bá sì fipá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, á ya. Páìpù tẹ̀ ní ìbú, ṣùgbọ́n òòró rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan. Bọ́ọ̀lù tẹ̀ ní ìbú, ó sì tẹ̀ ní òòró. Carl Friedrich Gauss, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ló fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ ní 1827: ẹ wọn ìtẹ̀ tó pọ̀ jù àti èyí tó kéré jù níbì kan lórí ojú náà, kí ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Bí èsì rẹ̀ kò bá jẹ́ òdo, kò sí bí ẹ ṣe lè tẹ́ ojú náà pẹrẹsẹ láìfà á tàbí kí ó hunjọ. Ti páìpù jẹ́ òdo. Irú ti páìpù, mo fẹ́ ká máa pè é ní "ojú kíká", nítorí pé bébà tí a ká ni.

Ohun tó mú mi rọ̀ mọ́ ìbú àti òòró ni pé bí ẹni tó ń kọ ètò fún ẹ̀rọ náà ṣe ń ronú gan-an nìyẹn. Ẹ̀rọ kò mọ ojú, ìlà ló mọ̀. Ọ̀bẹ tó fi ń gbẹ́ irin á gba ìlà kan lọ, á sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tún gba òmíràn. Àṣẹ G1 ń rán an ní ìlà tó tọ́. G2 àti G3 ń rán an yípo, ṣùgbọ́n lórí ojú pẹrẹsẹ kan ṣoṣo, èyí tí G17, G18 tàbí G19 bá yàn. Bó bá jẹ́ ojú kíká, ẹni tó mọṣẹ́ lè fọwọ́ kọ ọ́: apá róbótó kan, ìsún kan, apá róbótó kan náà padà. Tó bá di tìbú-tòòró, ìlà kejì kò rí bí ìkíní mọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò tilẹ̀ jẹ́ apá róbótó rárá. Kọ̀ǹpútà ló máa ń gé e sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà G1 kéékèèké.

Ibí yìí ni òòró ti ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ká ní ipa ọ̀bẹ tẹ̀ bí róbótó tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ (láti àárín dé etí) jẹ́ mìlímítà 50, tí a sì ní kí ìlà náà má fi ju mìlímítà 0.01 lọ yà kúrò lára ìtẹ̀ náà. Ìlà kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ gùn ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ. Bí òòró bá tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ìlà á kúrú sí i. Ìbú ló wá ń sọ bí ìsún ṣe gbọ́dọ̀ kéré tó. Ọ̀bẹ olórí róbótó máa ń fi ebè tín-ín-rín sílẹ̀ láàárín ìlà méjì. Lórí ibi tó tẹ́jú, ọ̀bẹ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 10 tó ń sún mìlímítà 1 á fi ebè tó ga tó mìlímítà 0.025 sílẹ̀. Bí a bá dín ìsún kù sí ìdajì, ebè á kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, àkókò iṣẹ́ á sì di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí ìbú bá yọ síta, ìsún kan náà á fi ebè tó ga ju ti ibi tó tẹ́jú lọ sílẹ̀. Bó bá kó sínú, ebè á rẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì inú orúkọ yìí ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ètò, n kò sì tíì rí orúkọ mìíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Àtakò tó le jù tí mo gbọ́ ni ti páìpù tí a dùbúlẹ̀ láti igun kan tábìlì ẹ̀rọ sí igun tó kọjú sí i. Bí ọ̀bẹ bá rìn ní X, ìyẹn gba òòró tábìlì, ó rí ìtẹ̀. Bó bá rìn ní Y, ìyẹn gba ìbú tábìlì, ó tún rí ìtẹ̀. Síbẹ̀ ojú kíká ṣì ni. Òótọ́ ni. Ìbú àti òòró tí mò ń sọ jẹ́ ti iṣẹ́ náà, kì í ṣe ti tábìlì. Bó ti wù kí ẹ yí bébà po, ìbú rẹ̀ ni ìbú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí á darí ipa ọ̀bẹ gba òòró páìpù náà, ìlà tó tọ́ nìkan ni yóò sì máa kọ.

Àwọn kan tún ní "tìbú-tòòró" ti di "gbogbo ibi" lẹ́nu wa. Kò ba nǹkan kan jẹ́. Èyí tó lè ba nǹkan jẹ́ ni àmì ohùn. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí "tẹ̀", ẹlòmíràn á kà á sí "tẹ́", ohun tó tẹ̀ á sì di ohun tó tẹ́jú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kọ ọ́ láìfàmì sí i.

Ó ku ojú gàárì, tó yọ síta ní ìbú tó sì kó sínú ní òòró. Tìbú-tòòró lòun náà, èsì ìsọdipúpọ̀ Gauss ló kàn bọ́ sísàlẹ̀ òdo. Bí ihà tó kó sínú bá há ju orí ọ̀bẹ lọ, ọ̀bẹ kò lè dé ìdí rẹ̀ láìjẹ ẹ̀gbẹ́. Ẹnìkan ti dábàá "àpá" fún ìlà tín-ín-rín tí ìsún ń fi sílẹ̀. Ibi tí ọ̀bẹ jẹ jù yìí ni mo fẹ́ kí a fi "àpá" pè, torí iṣẹ́ ti bàjẹ́ níbẹ̀. Ti ìsún, ebè ni, sáńdípépà á sì mú un kúrò.