PKA inú ọkàn eku: kí ló dé tó ti jí kí họ́mónù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Olùbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń wọn iṣẹ́ PKA, kínéèsì (ẹ́ńsáìmù tó ń fi fọ́sífétì lé purotéènì) tí cAMP, ohun kékeré tó ń jíṣẹ́ họ́mónù nínú sẹ́ẹ̀lì, ń jí, nínú ọkàn eku. Ọkàn tí kò gba họ́mónù fún mi ní 4,200 láìsí cAMP nínú túùbù, 5,100 nígbà tí mo fi cAMP sí i. Bí mo bá fi èkejì pín àkọ́kọ́, ó jẹ́ 0.82. Èyí tó gba isoproterenol, oògùn tó ń ṣe bíi họ́mónù, jẹ́ 4,400 lórí 5,200, ìyẹn 0.85. Ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Bọ́fà tí mo fi lọ ọkàn náà: fọ́sífétì 10 mM, pH 6.8, EDTA 10 mM, NaCl 0.5 M. Mo yí i nínú sẹ́ńtífúùjì ní 30,000 g fún ogún ìṣẹ́jú, omi òkè ni mo lò. Histone, purotéènì kan, ni mo fún kínéèsì láti fi fọ́sífétì lé. Àbí cAMP mi ló ti bàjẹ́ ni?

Èsì 1
Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ lè po cAMP tuntun láti fi dá ọkàn yín lójú, ṣùgbọ́n iyọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú.

PKA tó ń sùn, R méjì (apá tó ń ṣàkóso) ló di C méjì (apá tó ń ṣiṣẹ́) mú níbẹ̀. cAMP méjì ń wọ R kọ̀ọ̀kan, R á jọ̀wọ́ C, C tó dá wà ló ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ cAMP nìkan kọ́ ló lè tú wọn ká. PKA pín sí oríṣi I àti oríṣi II. Oríṣi I, iyọ̀ tó pọ̀ ń tú u, histone náà ń tú u. Oríṣi I gan-an ló sì pọ̀ jù nínú ọkàn eku.

NaCl 0.5 M tí ẹ lò yẹn, ìlànà ẹran ọ̀rá ni. Oríṣi II ló pọ̀ níbẹ̀, iyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tú òun. Ńṣe ló ń dá R àti C tó ti pínyà lẹ́kun kí wọ́n má tún so pọ̀ kí ẹ tó wọ̀n wọ́n. Ẹ gbé e wá sórí ọkàn eku, ẹ sì fọwọ́ ara yín jí kínéèsì. Ẹ má sì wo ti ọkàn màlúù ṣe àpẹẹrẹ o, oríṣi II ló pọ̀ nínú tirẹ̀.

Ẹ yọ NaCl kúrò. Ẹ fi Kemptide (LRRASLG), péptáídì kékeré tí PKA ń fi fọ́sífétì lé, 100 µM rọ́pò histone. Kínéèsì mìíràn tí kò bá cAMP tan rárá náà ń fi fọ́sífétì lé histone.

Èsì 2
Òótọ́ ni, àfi ibì kan. Bí ẹ bá yọ iyọ̀ tí ẹ sì tún ń yí i nínú sẹ́ńtífúùjì, ẹ bọ́ lọ́wọ́ ẹkùn, ẹ kó sẹ́nu kìnnìún. Bí iyọ̀ bá kéré, C tó dá wà máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn èérún sẹ́ẹ̀lì, á sì bá wọn rì sísàlẹ̀. Ọkàn tó gba họ́mónù ni C rẹ̀ dá wà jù, òun náà ló máa pàdánù jù, ìṣirò yín á wá wálẹ̀ dípò kó gòkè. Ẹ má yí i rárá. Ẹ wọn gbogbo omi ẹran lílọ̀ náà bó ṣe wà, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tí ẹ lọ̀ ọ́ tán.

Mi ò rí IBMX nínú bọ́fà yín. EDTA ń gba magnesium mọ́ àwọn ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́, nítorí náà èyí tó ń ṣe cAMP àti èyí tó ń jẹ ẹ́ á jọ dákẹ́. Ìgbà tí ẹ bá da magnesium sínú túùbù ni wọ́n tún jí. IBMX 0.5 mM ló ń dá èyí tó ń jẹ ẹ́ dúró. Ẹ fi ẹ̀mú tí ẹ ti rì sínú náítírójìn olómi fún ọkàn náà pa kó dì lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó yọ́ kó tó kan bọ́fà.

Túùbù: omi ẹran 10 µl, àpòpọ̀ 40 µl. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá pàdé, magnesium jẹ́ 10 mM, ATP 100 µM tó ní 32P ní gamma. Mẹ́ta-mẹ́ta ni kí ẹ ṣe é: láìsí cAMP, pẹ̀lú cAMP 5 µM, pẹ̀lú cAMP àti PKI(5–24) 5 µM, péptáídì tó ń dá PKA dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún ní 30 °C. Ẹ kán 25 µl sórí bébà P81, ẹ sọ ọ́ sínú ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì 75 mM kíá, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Arginine méjì inú Kemptide ló ń so ó mọ́ bébà. ATP á bá omi lọ.

Túùbù PKI ni kí ẹ yọ kúrò nínú méjì yòókù, kì í ṣe ti omi lásán. Ká ní tiyín jẹ́ 3,300: 900 lórí 1,800 á jẹ́ 0.5, kì í ṣe 0.82 mọ́. 0.5 náà ṣì ga jù fún ọkàn tí kò gba nǹkan kan, iyọ̀ àti histone ló ṣẹ́kù síbẹ̀.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀, ó ti yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kan péré ló kù: cGMP, ìbátan cAMP, ní 10 µM fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bíi ti cAMP. Ṣé PKG, kínéèsì tí cGMP ń jí, pọ̀ tó báyìí nínú ọkàn ni?

Èsì 3
Rárá o. PKA ni cGMP yẹn ń jí. Ó fẹ́ kó fi bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ju cAMP lọ kó tó lè jí i, 10 µM sì ti tó bẹ́ẹ̀. PKG kì í tú ká bíi PKA: ibi tí cGMP ń wọ̀ àti ibi tó ń ṣiṣẹ́ wà lórí okùn kan náà, okùn méjì sì so pọ̀. Ẹ̀dọ̀fóró, iṣan bọ̀rọ́ àti ọpọlọ ẹ̀yìn (cerebellum) ló ti pọ̀. Ẹ lo cGMP 1 µM, kí ẹ fi PKI sí i. PKI kì í mú PKG. Ohun tó bá ṣẹ́kù tó sì ń gbọ́ ti cGMP ni kí ẹ máa pè ní PKG.

Èsì 1
Mo gbàgbé ọ̀kan. Bí omi ẹran bá ki jù, túùbù tó ní cAMP ló kọ́kọ́ ń jẹ ATP rẹ̀ tán, nọ́ńbà rẹ̀ á dúró sójú kan, èyí tí kò ní á máa lé e bọ̀. Ìyẹn náà ń gbé ìṣirò sókè lásán. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú méjì àti mẹ́rin. Bí ti mẹ́rin kò bá tó ìlọ́po méjì, ẹ bu omi là á.